Kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ sí Kábà: ta ló ti gun irú rẹ̀ rí?

Ìyá Olùkọ́ Kábà:

Òkun o, bí a ṣe ń kí ara wa nílẹ̀ wa ní Kogi, ẹ̀yin ará ilé. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láìdá sí i. Ọ̀rọ̀ ti wá délé mi báyìí, n kò lè dákẹ́ mọ́.

Ẹni ọdún 71 ni mí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Orúnkún mi méjèèjì ti jẹ tán. Dókítà ní kèrékèré tó yẹ kó wà láàárín eegun ti yọ́ dànù, eegun wá ń gbo eegun. Mo lè rìn láti yàrá dé ilé ìdáná. Mo lè fi ọ̀pá dé ẹnu géètì. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì tí mo máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn dé nígbà kan, agogo rẹ̀ nìkan ni mo ń gbọ́ báyìí. Ọ̀kadà kò ṣeé ṣe, n kò lè gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí rẹ̀ mọ́.

Ọmọ mi tó wà ní England wá ra kẹ̀kẹ́ oníbátìrì kan, àlòkù, ó bá wọn kó o sínú kọntéínà. Sìkútà ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń gùn o. Ó ní ìjókòó bí àga ọ́fíìsì, táyà mẹ́rin, apẹ̀rẹ̀ níwájú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ti dé. Ọmọ àbúrò mi bá mi tò ó pọ̀. Mo jókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́, mo fi ìka kan irin tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ gbéra. Ẹ̀rù bà mí, mo dì í mú gírígírí kó lè dúró. Dípò kó dúró, eré ló fi kún! Ó gbé mi lọ kọlu dúrọ́ọ̀mù omi. Omi dà, adìyẹ fò, ọmọ àbúrò mi ń ké "Jésù! Jésù!" Láti ọjọ́ náà, aṣọ ni mo fi bò ó ní igun pálọ̀ bí òkú.

Ọmọ mi ń pè láràárọ̀: "Mọ́mì, ṣé ẹ ti gùn ún?" Mo ń sọ fún un pé bátìrì ò tíì kún. Èmi tí mo fi ọdún 35 na ọmọ ọlọ́mọ nítorí irọ́.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ǹjẹ́ nǹkan tí wọ́n ṣe fún ojú títì tó dán bíi dígí ṣeé lò ní Kábà wa yìí, òkè níhìn-ín, gọ́tà lọ́hùn-ún? Kí ni mo sì ṣe tó fi sáré nígbà tí mo fẹ́ kó dúró?

Bàbá Mọpà:

Òkun, Ìyáàfin olùkọ́. Ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín. Tèmi kò kọlu dúrọ́ọ̀mù, igi máńgòrò ló kọlù, igi náà sì kọ̀, kò yẹ̀.

Ẹni ọdún 74 ni mí. Rọpárọsẹ̀ ló mú ẹsẹ̀ òsì mi. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń gun tèmi ní Mọpà, mo fi ń lọ oko ẹ̀yìnkùlé, mo fi ń lọ ìpàdé.

Ohun tó ṣe yín yẹn, gbogbo àwa tí a ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere tàbí ọ̀kadà rí ló máa ń ṣe. Ó ti wọ̀ wá lára pé tí nǹkan bá fẹ́ dà rú, ká fún bíréèkì. Ọ̀pọ̀ irú kẹ̀kẹ́ yìí kò ní bíréèkì tí à ń fún. Irin tí ẹ fún yẹn ló ń lé e lọ! Bí ẹ bá ṣe fún un tó ló ṣe máa sáré tó. Ẹ̀rù bà yín, ẹ fún un. Ó sáré, ẹ̀rù tún pọ̀ sí i, ẹ tún fún un sí i. Ṣíṣí ọwọ́ ni bíréèkì rẹ̀. Ẹ ṣáà ti jọ̀wọ́ rẹ̀, bíréèkì inú rẹ̀ á fúnra rẹ̀ mú, á dúró wámú.

Bí mo ṣe kọ́ ọ nìyí. Mo jókòó lé e láì yí kọ́kọ́rọ́ rárá. Ọmọ-ọmọ mi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo fún irin náà bíi pé mò ń lọ. Nígbà tó bá wu ọmọ náà, á pariwo "Ewúrẹ́!" èmi á sì ṣí ọwọ́. Ọjọ́ méjì gbáko la fi ṣe é, títí ọwọ́ mi fi ń ṣí kí n tó ronú. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn la tó yí kọ́kọ́rọ́. Títí dòní, tí nǹkan bá já lù mí lójú ọ̀nà, ohùn ọmọ yẹn ni mò ń gbọ́ létí.

Ọmọ Ìyàrà ní Leeds:

Màmá, ẹ kú ewu dúrọ́ọ̀mù o. Bàbá Mọpà, mo dọ̀bálẹ̀ sà. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti dúró tì nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gun irú kẹ̀kẹ́ yìí. Ohun tí Bàbá sọ ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn òyìnbó náà, ògiri ilé ìtajà ni tiwọn. Àwọn kẹ̀kẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé àtàǹpàkò la fi ń ti irin náà, ọ̀tún fún iwájú, òsì fún rìfáàsì. Tí ó bá jẹ́ irú ìyẹn ni tiyín, ìlànà kan náà ni: ẹ ṣí ọwọ́, ó dúró.

Ẹ wo àárín ọwọ́ rẹ̀, bọ́tìnì róbótó kan wà níbẹ̀ tí à ń yí. Wọ́n sábà máa ń ya ìjàpá sí apá kan fún jẹ́jẹ́, ehoro sí apá kejì fún eré. Ẹ ò rí i pé Ìjàpá ti dé England ṣáájú wa! Ọ̀dọ̀ Ìjàpá ni kí ẹ wà fún oṣù kan. Nínú ilé, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ọmọdé wà, níbi tí ẹ ti fẹ́ fi ẹ̀yìn rìn, Ìjàpá ni.

Kí ẹ tó gùn ún, àti kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ pa kọ́kọ́rọ́. Ìgbà tí èèyàn ń jókòó tàbí tó ń dìde ni àpò tàbí ìgbọ̀nwọ́ máa ń ta sí irin yẹn. Ẹ má sì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú dìde, kò gba ìwúwo èèyàn. Irin kékeré kan wà lábẹ́ ìjókòó. Tí ẹ bá fà á, ìjókòó á yí sí ẹ̀gbẹ́, ẹsẹ̀ yín méjèèjì á bọ́ sílẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì. Apá àga ni kí ẹ gbára lé.

Aṣọ ńkọ́? Ìró ni ẹ̀yin ìyá wa ń ró, ìborùn sì máa ń já bọ́ léjìká. Ẹ ká ìró sábẹ́ itan dáadáa, ẹ fi ìborùn wé orí tàbí kí ẹ fi í sínú apẹ̀rẹ̀. Mo ti rí aṣọ tó wọ táyà ẹ̀yìn, àlùmọ́gàjí la fi gé e.

Ìbéèrè: kí ni wọ́n kọ sí i lára nípa eré rẹ̀? Òfin ibí pín in sí méjì. Èyí tí kì í kọjá máìlì 4 ní wákàtí kan wà fún ẹ̀bá títì tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Èyí tó ń sá tó máìlì 8, wọ́n gbà á láàyè lójú títì. Máìlì 4 jẹ́ bíi kìlómítà 6 àti àbọ̀, ìrìn ẹni tó ń kánjú ni. Tí ó bá jẹ́ ti máìlì 4 kékeré, ikùn rẹ̀ máa ń sún mọ́ ilẹ̀ gan-an, gbogbo òkúta ló máa gbá a.

Ìyá Olùkọ́ Kábà:

Ẹ ṣeun o. Nítorí náà, mo fún un lọ́rùn, mo wá ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró. Mo ti rí ìjàpá náà. 8 ni wọ́n kọ sí i lára. Táyà rẹ̀ ga díẹ̀, ìka mi márààrún wọ abẹ́ rẹ̀ tí mo bá gbé ọwọ́ dúró.

Rewáyà Ìsánlú:

Màmá, kí ẹ tó lọ ibikíbi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bátìrì. Ẹ ní ó ti wà lábẹ́ aṣọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó sì ti wà lórí omi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ṣáájú. Irú bátìrì yìí, tí ó bá jẹ́ èyí tó wúwo bí òkúta, kì í fẹ́ kí wọ́n fi ebi pa òun. Tí ó bá gbẹ tí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ń kú díẹ̀díẹ̀ nínú. Ẹ gún un sí iná lálẹ́ òní, kó sùn síbẹ̀, wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá. Láti ìsinsìnyí lọ, ọjọ́kọ́jọ́ tí ẹ bá gùn ún, bó jẹ́ ẹnu géètì lẹ dé, ẹ gún un lálẹ́. Tí ẹ kò bá gùn ún fún oṣù kan, ẹ ṣì gún un. Kí ó má yà yín lẹ́nu tí kò bá rìn nígbà tí ṣájà wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é.

Bátìrì méjì ló wà lábẹ́ ìjókòó yẹn, 12V, 12V, wọ́n so wọ́n pọ̀ di 24V. Tí ó bá kún tí ẹ yọ ṣájà, kí rewáyà tó wà nítòsí fi mítà wò ó lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wà ní 12.7 sókè, ó dára. Tí ọ̀kan bá ti wálẹ̀ gan-an, méjèèjì lẹ máa pààrọ̀ pa pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ ra bátìrì mọ́tò sí i, ẹ sá fún un. Bátìrì mọ́tò wà fún kó fa iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ẹ́ńjìnnì lè gbéra. Èyí tí à ń rọra fà títí ni ẹ nílò, irú tí àwọn oní-sọ́là ń lò, tí omi inú rẹ̀ kì í dà.

Fún ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Amẹ́ríkà: ẹ ka ara ṣájà kí ẹ tó gún un. Tí ó bá jẹ́ 115V nìkan ni wọ́n kọ, tí ẹ gún un sí iná wa, ẹ ti se é jẹ nìyẹn. Tí ó bá jẹ́ 100 sí 240 ni wọ́n kọ, kò séwu. Ti England kò ní wàhálà, iná wọn àti iná wa sún mọ́ra, ẹnu ṣájà wọn pàápàá wọ ara ògiri wa.

Tí iná ìjọba bá lọ, ẹ yọ ṣájà. Bó ṣe ń padà dé ló máa ń ba nǹkan jẹ́.

Bàbá Mọpà:

Iná wo? Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mo fi ń gún tèmi láti ọdún kẹrin.

Rewáyà Ìsánlú:

Bàbá, orí yín ló ń ṣiṣẹ́ sà, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀. Mo ti tú ṣájà mẹ́ta tí irú jẹnẹ́ kékeré yẹn jó. Tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ tan jẹnẹ́ ná, ẹ jẹ́ kó fìdí múlẹ̀, kí ẹ tó gún ṣájà. Ẹ kọ́kọ́ yọ ṣájà kí ẹ tó pa á. Ẹ sì fi sìtabiláísà sáàárín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ínfátà àti sọ́là lórí òrùlé ti bọ́ nínú gbogbo ìyẹn, nítorí iná tí ṣájà yìí ń jẹ kò tó ìdá mẹ́ta èyí tí àyọ́nù ń jẹ.

Sọ́jà Fẹ̀yìntì:

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò dùn. Ẹni tó bá ti jókòó sórí ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kú pátápátá. Bàbá tiwa fi ọ̀pá rìn títí ó fi pé 90. Ọmọ ìsinsìnyí ń fi owó ra ìjókòó fún òbí wọn, wọ́n ní ìfẹ́ ni.

Bàbá Mọpà:

Ọ̀gá sójà, kí n tó ní kẹ̀kẹ́, ṣé ẹ rò pé mò ń rìn ni? Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo wà, mò ń ka igi òrùlé. Ó jẹ́ 22.

Ọmọ Ìyàrà ní Leeds:

Ẹ̀gbọ́n sójà kò jìnnà sí òótọ́, ẹ má jẹ́ ká lù wọ́n. Ibi tí ẹsẹ̀ yín ṣì lè gbé yín dé, Màmá, kí ẹ máa fi ẹsẹ̀ dé ibẹ̀. Yàrá sí ilé ìdáná, ẹ má gun kẹ̀kẹ́. Ibi tí ẹsẹ̀ kò lè dé mọ́ ni kẹ̀kẹ́ wà fún. Bí ẹ bá sì ti jókòó, ẹ na ẹsẹ̀ kan síwájú gbọọrọ, ẹ ka ení dé ẹ̀wá, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ na ìkejì. Iṣan itan ló ń ran orúnkún lọ́wọ́, tí iṣan bá rọ, ìrora á pọ̀ sí i.

Sọ́jà Fẹ̀yìntì:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n ṣáà máa na ẹsẹ̀.

Bíríkìlà Ògìdì:

Òkun o. Kò sẹ́ni tó tíì béèrè bí kẹ̀kẹ́ ṣe máa jáde nínú ilé. Màmá, àtẹ̀gùn mélòó ló wà lẹ́nu ọ̀nà yín, báwo ló ṣe ga tó?

Ìyá Olùkọ́ Kábà:

Méjì. Mo fi rúlà wọ̀n ọ́n, tíṣà ni mí ṣá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 7. Ọmọ àbúrò mi fẹ́ fi pákó kan bọ̀ ọ́.

Bíríkìlà Ògìdì:

Ẹ dá a dúró! Pákó kúkúrú lórí àtẹ̀gùn méjì máa ga ju ohun tí kẹ̀kẹ́ lè gùn lọ, á sì dà yín sẹ́yìn. Ìṣirò tí à ń lò nìyí: ínṣì kan ní gíga, ínṣì 12 ní gígùn. Tiyín ga ní ínṣì 14, nítorí náà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ símẹ́ńtì yín á gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 14. Mo mọ̀ pé ó gùn. Gbogbo ẹni tí mo bá ṣe é ló máa ń ní kí n gé e kù. Tí ààyè kò bá tó lọ gbọọrọ, ẹ jẹ́ kó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, kó yí. Níbi tó bá ti yí, ẹ fi ojú pẹrẹsẹ sílẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 5 sí 5. Lókè lẹ́nu ilẹ̀kùn náà, kí ojú pẹrẹsẹ wà, kí ẹ má baà máa ṣí ilẹ̀kùn lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Fífẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà 3 ó kéré tán, kí etí rẹ̀ méjèèjì yọ sókè díẹ̀ kí táyà má baà yọ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí bíríkìlà fi ṣọ́bìrì dán an bíi ti pálọ̀. Nígbà tí símẹ́ńtì ṣì tutù, kó fi ìgbálẹ̀ fà á ní ìbú. Tí òjò bá rọ̀, ẹ ó mọ ìdí.

Kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹ̀yin lórí rẹ̀ lè tó ìwọ̀n àpò símẹ́ńtì mẹ́ta. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí ẹ bá fẹ́ gun pákó gọ́tà ẹlòmíràn.

Bàbá Mọpà:

Ọ̀rọ̀ òkè kù. Tí ẹ bá ń gun òkè, ẹ kọjú sí i gbọọrọ, ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ gùn ún bí ẹni tó ń gun àpáta Ògìdì. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ẹ má dúró láàárín, ẹ má yí po níbẹ̀. Tí ẹ bá ń sọ̀, Ìjàpá, ẹ jókòó sẹ́yìn. Òkè gígùn máa ń jẹ bátìrì gan-an. Èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé pé ó máa rin kìlómítà báyìí, orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Ẹ pín in sí méjì ní ilẹ̀ wa. Bí iná bátìrì bá ti dé ìdajì, ẹ ṣẹ́rí padà sílé, ibi yòówù kí ẹ wà.

Irin kan tún wà lẹ́yìn, nítòsí táyà, tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di firí kí wọ́n lè fi ọwọ́ tì í. Tí ó bá wà ní firí, kò ní bíréèkì rárá! Ọmọ kan fi tèmi sí firí láti fi gbá abẹ́ rẹ̀, ó gbàgbé. Orí ilẹ̀ tó rọra dagẹ̀rẹ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ dá lọ, ó wọ inú ẹ̀gẹ́ aládùúgbò. Ọpẹ́ ni pé n kò tíì jókòó. Lójoojúmọ́ ni mò ń fi ọwọ́ kan irin yẹn kí n tó gùn.

Aya Pásítọ̀ Ẹ̀gbẹ̀:

Màmá, mo kúnlẹ̀ kí yín. Èèyàn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ ti ní ẹni tó ń bójú tó o.

Ìyá ọkọ mi ní irú kẹ̀kẹ́ yìí, kẹ̀kẹ́ sì fi oṣù méje wà nílé láìjáde. Ẹ̀rù kọ́, ojú ló ń tì wọ́n. Wọ́n ní àwọn èèyàn á máa sọ pé ìyá lágbájá ti yarọ. Ohun tó mú wọn jáde ni òkú ọ̀rẹ́ wọn kan tí wọn kò lè ṣe aláìlọ. Ọmọdé ogún ló sáré tẹ̀lé wọn lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, mẹ́wàá. Nígbà tó fi máa tó oṣù kan, ewúrẹ́ nìkan ló ṣì ń wò wọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ni ọ̀rọ̀ ìkíni. Ẹ mọ ilẹ̀ wa. Èèyàn kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹni kó má kí i, tí wọ́n bá sì kí i, á dúró gba "òkun" náà dáadáa. Ìyá ọkọ mi ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, wọn kò lè yí ọrùn wo ẹ̀gbẹ́ kí kẹ̀kẹ́ náà má yí. Nítorí náà wọ́n ń wo iwájú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ẹjọ́ dé ilé: ìyá ti ní mọ́tò, wọn kì í kí èèyàn mọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe báyìí, wọ́n á ṣí ọwọ́, kẹ̀kẹ́ á dúró, wọ́n á kí, wọ́n á gbà, kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún di ogún. Ẹ kà á mọ́ ìrìn àjò yín.

Tí ẹ bá pàdé ẹni tó jù yín lọ tàbí ọba, ẹ má gbìyànjú láti kúnlẹ̀ láti orí ìjókòó. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ fi ọwọ́ lé àyà, ẹ tẹrí ba. Kò sẹ́ni tí kò ní yé.

Ẹ má gbé ọmọ-ọmọ lé itan o, bó ti wù kó sunkún tó. Ọwọ́ ọmọ ló máa kọ́kọ́ kan irin yẹn.

Ọmọ Ìyàrà ní Leeds:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ ìkíni yìí, kò sí ìwé kankan tó kọ ọ́ níbí.

Màmá, fún ojú títì: kẹ̀kẹ́ yìí kúrú, awakọ̀ tírélà kò ní rí i. Ẹ so àsíá pupa mọ́ ọ̀pá tó ga ju orí yín lọ lẹ́yìn ìjókòó. Ẹ ra téèpù pupa àti funfun tó ń dán, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ tírélà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀nà ńlá tí tírélà símẹ́ńtì Ọbájánà ń gbà, ẹ má gùn ún lórí rẹ̀, ẹ kàn sọdá, kí ẹnìkan sì wà pẹ̀lú yín.

Aya Pásítọ̀ Ẹ̀gbẹ̀:

Ilé ìfowópamọ́ kan ní agbègbè wa, ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó ń gba èèyàn kan ṣoṣo, kẹ̀kẹ́ kò lè wọlé. Wọ́n ní kí ìyá ọkọ mi dúró síta nínú oòrùn, kí n lọ bá wọn gba owó wọn. Ìyá kọ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí máníjà fi jáde wá, wọ́n wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún wọn. Òfin àpapọ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ti wà, oṣù kìíní 2019 ni wọ́n kéde pé ààrẹ ti fọwọ́ sí i. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe, ọdún márùn-ún náà sì ti pé ní 2024. Ẹ máa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rán wọn létí. Ṣọ́ọ̀ṣì tiwa pàápàá, èmi aya pásítọ̀ ni mo ní kí wọ́n ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì gba ọdún méjì.

Ẹni tó ń bọ̀ wálé ní Kérésì:

Ẹ jọ̀ọ́, èmi fẹ́ gbé kékeré kan wá fún bàbá mi nínú bàálù. Ṣé wọ́n á gbà?

Ọmọ Ìyàrà ní Leeds:

Wọ́n máa ń gbà á, ṣùgbọ́n ẹ pè wọ́n ṣáájú, ẹ má dé pápákọ̀ òfuurufú kí ẹ tó sọ. Bátìrì ni wọ́n máa bi yín. Tí ó bá jẹ́ lithium tó ṣeé yọ, kò gbọdọ̀ ju 300Wh lọ tó bá jẹ́ ẹyọ kan, tàbí 160Wh lọ́kọ̀ọ̀kan tó bá jẹ́ méjì, inú ọkọ̀ lẹ sì máa mú un wọ̀. Ẹ ṣe V tí wọ́n kọ sára bátìrì lọ́nà Ah rẹ̀, Wh rẹ̀ nìyẹn: 24 lọ́nà 10 jẹ́ 240, ó wọlé.

Ìyá Olùkọ́ Kábà:

Ẹ̀yin ará ilé, mo ti padà o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé.

Bíríkìlà ibí kọ́kọ́ bá mi jiyàn lórí ẹsẹ̀ bàtà 14, ó ní màmá, èyí tóbi ju ti ọsibítù lọ. Mo ní kó ka ohun tí Bíríkìlà Ògìdì kọ, ó kà á, ó dákẹ́. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà yí lẹ́ẹ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Adìyẹ mi ti sọ ọ́ di tiwọn.

Bátìrì kan ti kú, bí Rewáyà ṣe sọ. Mo pààrọ̀ méjèèjì, owó náà dùn mí.

"Ewúrẹ́!" la fi kọ́ ọ, Bàbá Mọpà. Ọmọ àbúrò mi gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń pariwo rẹ̀ nígbà tí mo bá ń jẹun. Ọjọ́ kejìlá la jáde sí àdúgbò. Ọjọ́ kẹtàdínlógún mo dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti kọ orin àkọ́kọ́ tán kí n tó débẹ̀ nítorí ìkíni, Aya Pásítọ̀, ẹni méjìlá ni mo kí, mo kà wọ́n. Àtẹ̀gùn mẹ́rin wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé kẹ̀kẹ́ sábẹ́ igi, mo fi ọ̀pá gun ìyókù pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ méjì. Alàgbà kan ti wá wọn ibẹ̀.

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi: àsìkò kàṣú la wà. Gbogbo etí títì ni wọ́n sá kàṣú sí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo yà fún ọ̀kadà kan, mo wọ inú kàṣú ìyàwó kan, táyà ń yí lójú kan bí ẹni pé orí ìlẹ̀kẹ̀ ni. Mo ṣí ọwọ́. Mo fi sí rìfáàsì, ó jáde jẹ́jẹ́. Mo bẹ ìyàwó náà, ó ní Mọ́mì ẹ má ṣèyọnu, ó tún ṣa kàṣú kún apẹ̀rẹ̀ mi. Ẹ bá mi wo irú ọmọ báyìí.

Lánàá mo dé ọjà fúnra mi. Mo yan iṣu fúnra mi, mo fi ìka kàn án lára bí mo ṣe fẹ́, mo ná an títí oníṣu fi ń bínú. Iṣu mẹ́ta ló wọ apẹ̀rẹ̀, ẹ̀kẹrin mú ọwọ́ kẹ̀kẹ́ wúwo, mo dá a padà. Ìṣòro tó kù ni gọ́tà ẹnu ọjà, pákó orí rẹ̀ tín-ín-rín, ó tẹ̀ lábẹ́ mi. Bàbá Mọpà, báwo ni tiyín ṣe nípọn tó?

Bàbá Mọpà:

Ínṣì 2, igi líle, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, wọ́n kan igi dábùú sábẹ́ rẹ̀ níbi mẹ́ta. Èmi ni mo ra á fún wọn. Àwọn alábàárù ló ń gbádùn rẹ̀ jù mí lọ. Ọmọ yín ńkọ́, ṣé ó ṣì ń pè?

Ìyá Olùkọ́ Kábà:

Ó pè láàárọ̀ yìí. "Mọ́mì, ṣé ẹ ti gùn ún?" Mo ní bátìrì ò tíì kún. Òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí: iná lọ ní agogo méjì òru.